Fìtílà Àṣálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì: Bí Àwọn Júù Ṣe Ń Ṣírò Ìbẹ̀rẹ̀ àti Òpin Ọjọ́ Ìsinmi

Lójú Yorùbá, ojúmọ́ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a gbà pé ọjọ́ ti lọ, a sì ń retí kí òmíràn mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn Júù. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí a ti ka àwọn ọjọ́ ìṣẹ̀dá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àṣálẹ́ ni a kọ́kọ́ dárúkọ kí a tó dárúkọ òwúrọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú ìṣirò wọn. Nítorí náà, Ọjọ́ Ìsinmi wọn, èyí tí í ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta, a máa wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Èyí kò ní ṣàjèjì sí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa, nítorí pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni òru Jímọ̀ tiwọn. Bákan náà ni àwọn ọmọ ìjọ Adventist, àwọn tí wọ́n dá Yunifásítì Babcock sílẹ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ìsinmi wọn bí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìbéèrè tí a fẹ́ tọpinpin rẹ̀ níhìn-ín ni èyí: ìṣẹ́jú wo gan-an ni ọjọ́ kan ń fi àyè sílẹ̀ fún èkejì, ta ni ó sì ní àṣẹ láti sọ ọ́?

Ìbéèrè náà kì í ṣe eré. Orí karùndínlógójì ìwé Ẹ́kísódù ka dídá iná ní Ọjọ́ Ìsinmi léèwọ̀ fún gbogbo ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wà nínú ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà ní láti tàn án kí ọjọ́ tó wọlé. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ó ti lu òfin tí ó tìtorí rẹ̀ tan fìtílà.

Nígbà tí Tẹ́ḿpìlì ṣì wà ní Jerúsálẹ́mù, etí ni àwọn ará ìlú fi ń mọ̀ ọ́n. Josephus, òpìtàn Júù tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlùfáà kan a máa dúró sí ibi gíga láti fun fèrè nígbà tí ọjọ́ keje bá fẹ́ wọlé, a sì tún fun ún nígbà tí ó bá parí. Ní ọdún 1968, Benjamin Mazar àti àwọn tí ó ń bá a walẹ̀ rí òkúta kan ní ẹsẹ̀ ògiri Tẹ́ḿpìlì, ní igun gúúsù sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a gbẹ́ sí i lára sọ pé ibi tí a ti ń fun fèrè ni. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ́ dànù. Àfi bí ẹni pé òkúta náà já lulẹ̀ láti jẹ́rìí sí ohun tí Josephus wí. Àwọn ọmọ ogun Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì náà ní ọdún 70, fèrè sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní Jerúsálẹ́mù ti òde òní, ohùn ẹ̀rọ kan a máa dún káàkiri ìlú ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn tí Tẹ́ḿpìlì ti wó, ojú ọ̀run ni wọ́n yíjú sí. Àwọn amòye inú Támúdù mọ̀ pé ọ̀sán kì í di òru lẹ́ẹ̀kan náà. Àkókò kan wà láàrin tí kì í ṣe ọ̀sán, tí kì í sì í ṣe òru, wọ́n sì jiyàn gidigidi lórí bí ó ti gùn tó. Ìdiwọ̀n wọn ni iye àkókò tí ènìyàn fi ń fi ẹsẹ̀ rin ìrìn kan tí wọ́n ń pè ní míìlì tiwọn, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí ìṣẹ́jú 18. Wọ́n tún lo ìràwọ̀: bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ó yọ, ọ̀sán ṣì ni, bí ó bá di méjì, a wà láàrin, bí ó bá pé mẹ́ta, ilẹ̀ ti ṣú. Kì í ṣe ìràwọ̀ ńlá tí a lè rí lójú ọ̀sán, kì í sì í ṣe kékeré tí òru nìkan ń fi hàn, bí kò ṣe èyí tí ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí, nítorí pé ọmọdé àti àgbà ni ó lè jáde síta kí wọ́n sì kà á.

Nígbà tí àkókò àárín yẹn sì jẹ́ ohun iyèméjì, wọ́n dá ọgbọ́n kan: kí a tètè gba ọjọ́ náà wọlé, kí a má sì tètè lé e lọ. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú lónìí, ìṣẹ́jú 18 ṣáájú ìwọ̀ oòrùn ni kàlẹ́ńdà wọn kọ fún títan àbẹ́là. Ti Jerúsálẹ́mù jẹ́ 40, ti Haifa sì jẹ́ 30. Òpin rẹ̀ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Rábì Jacob Tam ti ilẹ̀ Faransé, tí ó kú ní ọdún 1171, ní ìṣẹ́jú 72 ni a óò dúró lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn, àwọn kan sì ń tẹ̀lé e títí di òní. Ohun tí ó jáde nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Ọjọ́ Ìsinmi wọn a máa gùn ju wákàtí 24 lọ. Ó sábà máa ń tó 25.

Àwọn kan kò gba fìtílà náà rárá. Àwọn Káráítì, tí wọ́n kọ ẹ̀kọ́ Támúdù sílẹ̀, ka òfin Ẹ́kísódù sí pé iná kankan kò gbọdọ̀ máa jó nínú ilé, inú òkùnkùn ni wọ́n sì ń jókòó ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀rúndún karùndínlógún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Àwọn Júù ilẹ̀ Ethiopia náà a máa pa iná wọn kí ọjọ́ tó wọlé. Ṣùgbọ́n lójú àwọn Rábì, àlàáfíà ilé ni fìtílà wà fún, kí ẹnikẹ́ni má baà kọsẹ̀ tàbí jẹun nínú òkùnkùn. Maimonides kọ ọ́ pé ẹni tí kò tilẹ̀ ní ohun tí yóò jẹ, kí ó ṣagbe láti ilé dé ilé kí ó lè fi ra òróró fìtílà. Àwọn obìnrin ni iṣẹ́ náà sábà máa ń já lé léjìká. Ìyá a kọ́kọ́ tan iná, a fi ọwọ́ bo ojú, a súre, lẹ́yìn náà ni yóò tó ṣíjú wo ìmọ́lẹ̀ náà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ó bá ti súre tán, Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé fún un, kò sì lè dáná mọ́.

Fìtílà yìí kan náà di ẹ̀rí ikú. Ní ọdún 1492 ni wọ́n lé àwọn Júù kúrò ní Spéìnì. Ní 1497, wọ́n fi agbára sọ àwọn ti Pọtogí di Kìrìsìtẹ́nì. Ilé ẹjọ́ ìjọ tí ń wádìí ìgbàgbọ́ ènìyàn a máa ka àmì ìfura fún gbogbo ìjọ létí: ta ni ó ń wọ aṣọ mímọ́ ní Àbámẹ́ta, ta ni ó ń tan fìtílà pẹ̀lú òwú tuntun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì ń tètè tàn án ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ lè fẹjọ́ ìyá ilé sùn, aládùúgbò lè fẹjọ́ aládùúgbò. Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Belmonte, ní Pọtogí, àwọn ìdílé kan rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n a máa tan fìtílà òróró ólífì sínú ìkòkò amọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà yọ síta. Ilé ẹjọ́ náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1821, ṣùgbọ́n ìkòkò kò kúrò níbẹ̀. Ní 1917, Samuel Schwarz, onímọ̀ ẹ̀rọ ìwakùsà ọmọ Póláńdì, bá wọn pàdé. Wọn kò gbà pé Júù ni. Wọn kò mọ̀ pé Júù mìíràn ṣẹ́kù láyé tí kì í fi ara pamọ́. Ìyá àgbà kan ní kí ó gba àdúrà kan. Nígbà tí ó dé ibi tí a ti ń pe Ọlọ́run ní Adonai, màmá náà fi ọwọ́ bo ojú, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni ó ṣẹ́kù nínú Hébérù wọn. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣí sínágọ́gù sí Belmonte. (Èdè Pọtogí kan náà ni a ti yá ọ̀rọ̀ àbẹ́là tiwa.)

Ní ìparí ọjọ́, lẹ́yìn ìràwọ̀ mẹ́ta, wọ́n a tún tan àbẹ́là mìíràn, èyí tí a lọ́ pọ̀ bí irun dídì kí ó lè ní ju òwú kan lọ. Wáìnì wà níbẹ̀, èròjà olóòórùn dídùn wà níbẹ̀, wọ́n a sì ya ọjọ́ mímọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ iṣẹ́.

Ẹni tí ó ń gbé ní Èkó lè máa rò pé ìṣirò yìí kò le, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìgbà tí oòrùn ń tètè wọ̀ jùlọ àti ìgbà tí ó ń pẹ́ wọ̀ jùlọ níbẹ̀ láàrin ọdún kò tó wákàtí kan. Kí ó wá dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kejìlá, kí aago mẹ́rin ọ̀sán tó lù ni àbẹ́là gbọ́dọ̀ ti wà ní títàn, àwọn ọmọ ilé-ìwé a sì máa gba àyè láti tètè lọ sílé. Ní oṣù Kẹfà, aago mẹ́wàá alẹ́ a ti kọjá kí ìràwọ̀ tó yọ; nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe ń tètè gba ọjọ́ wọlé, kí oorun má baà gbé àwọn ọmọ lọ kí wọ́n tó jẹun.

Ìlà-oòrùn ayé ni ìṣòro náà ti wá le jù. Ní 1940, Chiune Sugihara, aṣojú ìjọba Jàpáánù ní Kaunas ní Lithuania, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún Júù ní ìwé ìrìnnà. Wọ́n gba ojú irin la ilẹ̀ Rọ́ṣíà já, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀pọ̀ wọn sì gúnlẹ̀ sí Kobe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti béèrè pé: Àbámẹ́ta àwọn ará Jàpáánù, ṣé òun ni Àbámẹ́ta wa? Ibì kan gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ ayé tí ọjọ́ ti ń yí, kò sì sí ìràwọ̀ tí ó lè fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Ní 1941, wọ́n ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù. Ọ̀pọ̀ àwọn Rábì tí wọ́n péjọ níbẹ̀ ní kí wọ́n tẹ̀lé ọjọ́ àwọn ará ìlú, kí wọ́n sì gba ààwẹ̀ Ọjọ́ Ètùtù ní Ọjọ́rú. Rábì Avraham Karelitz ti Bnei Brak kò gbà. Ó ní ààlà ọjọ́ ti wà kí a tó dé Jàpáánù, àti pé Àìkú wọn ni Àbámẹ́ta tòótọ́. Ó fi wáyà ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n jẹun ní Ọjọ́rú, kí wọ́n sì gbààwẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀mí àwọn ènìyàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú ni, ohun tí ó sì ká wọn lára nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ ṣi ọjọ́ náà gbà: wọ́n pa Àbámẹ́ta mọ́, wọ́n sì tún yẹra fún iṣẹ́ ní Àìkú, nígbà tí Ọjọ́ Ètùtù sì dé, àwọn kan gba ààwẹ̀ ọjọ́ méjèèjì pọ̀.