Ohun Tó Wá Láti Kamẹrúùnù Yàtọ̀ sí Omi

Ní Natako wa níbí ní Lọ́kọ́jà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Kamẹrúùnù, omi ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ibẹ̀ ni odò Bẹ́núè ti ń ṣàn wá pàdé odò Ọya ní Lọ́kọ́jà. Wọ́n parí ìsédò Lagdo tiwọn ní 1982. Èyí tó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ sí Dasin Hausa láti gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀ dúró, kò tíì parí títí dòní. Ẹni tí ìkún omi 2012 àti 2022 bá nílé mọ ohun tí mò ń wí.

Ṣùgbọ́n géèmù ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ Kamẹrúùnù lónìí. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, mo sì fẹ́ràn géèmù tó ní ìtàn nínú.

Láti 2003 ni Olivier Madiba, ará Yaoundé ní Kamẹrúùnù, ti ní géèmù Aurion: Legacy of the Kori-Odan lọ́kàn. Ó di 2013 kí Kiro'o Games, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, tó dúró. Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2016 ni géèmù náà jáde. Ọdún mẹ́tàlá gbáko! Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́. Iná ńkọ́? Bí NEPA ṣe ń ṣe wá ni tiwọn náà ń ṣe wọ́n.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà rówó ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ta ìpín ilé-iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá lówó díẹ̀. Àjọ ni, àfi pé alájọ mọ ọjọ́ tí yóò kó tirẹ̀. Àwọn tó ra ìpín yìí ò mọ̀ ọ́n. Ní 2015, wọ́n béèrè 40,000 yúrò lórí Kickstarter, ojúlé ìkówójọ, wọ́n sì rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ìtàn náà, ọjọ́ tí Enzo ń gbé Erine níyàwó, tó sì ń gorí oyè ní Zama, ni àna rẹ̀ dìtẹ̀ gbàjọba. Tọkọtaya náà jọ ń jà káàkiri ayé ni, pẹ̀lú agbára àwọn baba ńlá wọn. Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn pọ̀ jù. Èèyàn á kàwé títí kó tó ja ìjà kan. Síbẹ̀, mi ò tíì rí géèmù míì tí ìyàwó ti bá ọkọ jagun báyìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́jà, ẹ wá a lórí Steam, ẹ ṣe é dópin, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ tiyín.