Ògèdèǹgbé àti Ogun Àwọn Àgbẹ̀

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn nínú ìlú, tí wọ́n sì tún jẹ́ ọmọ ogun tí ìjọba lè pè jọ nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Òyìnbó nìkan ni ọgbọ́n yìí yé, nítorí pé ní Èkìtì àtijọ́, láti Ìkẹ́rẹ́ tí ó fi òkè Ọlọ́sunta ṣe odi, títí dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, àgbẹ̀ àti ọdẹ ni ogun, bí ìlù bá sì ti dún, ọkọ́ a sọ̀ kalẹ̀, ìbọn a sì gòkè.

Ọ̀gá irú ogun bẹ́ẹ̀ ni Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí ìgbèkùn Ìbàdàn sọ di jagunjagun, tí ó sì padà wá gbé ìdà kọ ojú sí àwọn tí ó kọ́ ọ. Nígbà tí Ìbàdàn fọ́ Iléṣà ní 1870, ó lọ tẹ̀ dó sí Ìta-Ògbólú, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni ó sì ti ń kó ènìyàn jọ. Kí a sọ òtítọ́: ogun tí kò gba owó oṣù, ẹrú àti ẹrù ni owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹrù náà a sì máa wá láti àbúlé àwọn aláìṣẹ̀.

Nígbà tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú rẹ̀ ní 1878, tí Èkìtì-Parapọ̀, ìyẹn àwọn ìlú tí ó para pọ̀ láti bá Ìbàdàn jà, sì ń wá olórí, Ògèdèǹgbé kò yára dá wọn lóhùn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó gbà. Bí ó ti gbà tán, ó di Sẹ́ríkí, olórí ogun gbogbo wọn. Mo gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù kì í ṣe ìjà, bí kò ṣe pé ó mú kí àgbẹ̀ ìlú púpọ̀, tí olúkúlùkù ní balógun tirẹ̀, dúró pẹ́ lójú ogun Kírìjí tí wọ́n bá Ìbàdàn jà. Wọ́n kọ́ ilé sí ibùdó, wọ́n dáko yí i ká, àwọn ọmọ Èkìtì-Parapọ̀ ní Èkó sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Èkìtì-Parapọ̀ àti Ìbàdàn ṣe àdéhùn ní 1886, ṣùgbọ́n ibùdó kò tú títí di 1893. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Captain Bower, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mú Ògèdèǹgbé, ó sì mú un kúrò nílé, nítorí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí kò rí ogun jà mọ́ kò jẹ́ kí ìlú sinmi. Ó padà wá, ó jẹ oyè Ọbańlá Ìjẹ̀ṣà ní 1898, ó sì kú ní 1910.

Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, orúkọ Ògèdèǹgbé wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ti àwọn baba yín tí ó gbé ìbọn kò sí níbẹ̀. Nígbà tí àgbà ṣì wà nílé, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.