Abẹ́rẹ́, Ásíìdì àti Ẹbọra

Ẹ̀yin ọmọ mi, tí a bá ti dárúkọ ìtàn òrìṣà nínú àwòrán títẹ̀, Gíríìkì àti Róòmù ni ọkàn ọ̀pọ̀ yín máa ń lọ. Kò burú. Ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Francesco Bartolozzi, ọmọ Ítálì, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1764. Òun wà lára àwọn tó sọ ọgbọ́n kan di gbajúmọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á fi ìda bo bàbà pẹlẹbẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un tótòtó, wọ́n á wá jẹ́ kí ásíìdì jẹ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Tí tàdáwà bá kún inú ihò náà, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, Venus àti Cupid á yọ, ara wọn á máa dán bí ẹni fi àdí pa á. Báyìí ni àwòrán tí Angelica Kauffman yà fún olówó ṣe di ohun tí ẹlòmíràn náà lè gbé kọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọnù: òrìṣà di ẹ̀ṣọ́ ilé, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ tiwa. Kó tó lọ kàwé ní Zaria ní 1957, Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, kọ́ni ní Ondo Boys' High School. Lẹ́yìn náà, ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ lọ́dọ̀ Ru van Rossem, ará Netherlands, ní Ìbàdàn àti Òṣogbo. Ásíìdì náà ló bá ṣiṣẹ́: ìjàǹbá kan tó bá a nídìí ásíìdì ní 1967 ló mú un dé ọ̀nà tó pè ní plastograph.

Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká gbé Ògbójú Ọdẹ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Ìgbó tí kò jìnnà sí Oǹdó, kò rí i. Ó ti kú ní 1963. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá ló ya ẹbọra wa, síbẹ̀ kò sọ wọ́n di arẹwà. Ẹ̀rù ṣì wà lára wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Lórí fóònù lónìí, Ṣàngó ti ń jọ òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà. Àwòrán ń tàn kálẹ̀ ju ti Bartolozzi lọ, ó dáa. Àmọ́ kí ẹ bi ọmọ léèrè: ṣé ẹni tí wọ́n yà yìí lè sán àrá?