Ohun Tí Wọ́n Pè Ní Ọ̀rọ̀ Ṣeréṣeré: Àwọ̀ Ara Wa ní Ìlú Òyìnbó, 1923 sí 1933

Bí àsìkò kajú bá ti dé, àwọn oníṣòwò ará Íńdíà a máa wá sí Parakou láti ra èso rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá gba Ladjifarani kọjá, àwọn ọmọdé a máa ké tẹ̀lé e pé "Bàtúré! Bàtúré!", àwa àgbà tí a jókòó sí iwájú ilé a sì máa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń fi àwọ̀ ara pè lójoojúmọ́ mọ ohun tí ẹni tí ń pè é kò mọ̀. Àwọn ènìyàn tiwa náà ti mọ̀ ọ́n rí.

Ọmọ Àjàṣẹ́, èyíinì ni Porto-Novo, ni Marc Kojo Tovalou Houénou. Ọdún 1887 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé láti kàwé. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní Paris. Nígbà ogun 1914, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́. Ní 1915, ìjọba fún un ní ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé. Àwọn ènìyàn ńlá ń gbà á lálejò. Lójú tiwa, ó jọ pé ó ti gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò kan irú òun mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1923, ó wà nínú ilé fàájì òru kan ní Montmartre. Àwọn aláwọ̀ funfun ará Amẹ́ríkà tí ó wà níbẹ̀ kò fẹ́ bá adúláwọ̀ jókòó lábẹ́ òrùlé kan náà. Wọ́n lé e jáde tìyà-tìyà. Ìwé òfin tí ó kà kò gbà á, ogun tí ó lọ kò gbà á, aṣọ olówó iyebíye kò gbà á. Àwọn ìwé ìròyìn Paris pariwo ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà náà ṣe, ohun tí wọ́n máa ń ṣe nílé wọn ni. Kò jọ ohun bàbàrà lójú wọn.

Ní 1924, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gbèjà àwọn adúláwọ̀, òun àti René Maran sì jọ ń gbé ìwé ìròyìn Les Continents jáde. Ní oṣù kẹjọ, ó lọ bá ìpàdé Marcus Garvey sọ̀rọ̀ ní New York. Ìwé ìròyìn náà kò rí ọdún 1925: Blaise Diagne, aṣòfin tí ó ṣojú Senegal ní Paris, pè é lẹ́jọ́ nítorí ohun tí wọ́n kọ nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó gbà sójú ogun, ó sì borí. Ó dùn wá láti kọ ọ́ pé adúláwọ̀ ni ó pe ẹjọ́ náà.

Ní ọdún 1924 kan náà, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní London. Kò sí ẹni tí ó lù ú. Ìwé ìròyìn Evening News ni ó kọ ọ́ pé àwọn ará Nàìjíríà ń jẹ ènìyàn, wọ́n sì ń ṣoògùn ìkà, ní àkókò tí wọ́n ń múra ìpàtẹ ńlá ti Wembley. Ẹni tí ó kọ ọ́ lè ti gbàgbé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dúró de akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹnu ọ̀nà onílé: iyàrá wà, àmọ́ bí onílé bá ti rí àwọ̀ rẹ̀, iyàrá ti tán. Ṣólàńkẹ́ kọ èsì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀. Bí Yorùbá bá gbọ́ orúkọ náà, wàásù ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ní 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé kan ní Camden Road, níbi tí ọmọ Áfíríkà lè sùn láìbẹ onílé kankan.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn oníkajú náà bi wá ní ohun tí "Bàtúré" túmọ̀ sí. A sọ fún un pé òyìnbó ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbé London rí, dúdú ni wọ́n ń pe òun níbẹ̀.