Ọ́fíìsì Nínú Pálọ̀: Ìtàn VPN àti Wàhálà Rẹ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé

Iṣẹ́ ọ́fíìsì láti ilé ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1973, Jack Nilles, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Gúúsù California ní Los Angeles, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè fi okùn tẹlifóònù ṣe iṣẹ́ tó ń torí rẹ̀ há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lójoojúmọ́. Lọ́dún náà ni bẹntiróòlù wọ́n gógó ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rí etí gbọ́. Òun ló sọ àṣà náà ní telecommuting. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn ni wọ́n ṣe okùn tẹlifóònù fún. Láti ìgbà náà títí di òní, ohun tí wọ́n ṣe fún ilé ni ọ́fíìsì ń yá lò. Ibi tí méjèèjì kò ti bára mu ni iṣẹ́ ti ń já.

Módẹ́ẹ̀mù ló ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ìró tí okùn tẹlifóònù lè gbé. Bell 103, tí AT&T gbé jáde ní 1962, ń gbé 300 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan; nígbà tó fi di 1998, òṣùwọ̀n V.90 ti gbé e dé 56,000. Àwọn ilé-iṣẹ́ a to módẹ́ẹ̀mù jọ sí ọ́fíìsì, òṣìṣẹ́ a sì pè wọ́n láti ilé. Àìsàn ìgbà náà ṣeé fi etí gbọ́. Bí ará ilé kan bá gbé tẹlifóònù ní pálọ̀, iṣẹ́ já. Bí ẹlòmíràn bá ń pè wọlé, ìró tí okùn fi ń kéde rẹ̀ tó láti já a. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi máa ń tẹ *70 ṣáájú nọ́ńbà ọ́fíìsì, kí ìró náà lè dákẹ́.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé, owó ìpè ọ̀nà jíjìn rọlẹ̀: òṣìṣẹ́ kàn ń pe ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó wà ládùúgbò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì a sì gba ibẹ̀ kọjá. Àmọ́ ọ̀nà tí gbogbo ayé ń rìn ni íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà sì lè yọjú wo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá. VPN (virtual private network) ni wọ́n fi yanjú èyí: wọ́n á kó pákẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé, sínú pákẹ́ẹ̀tì mìíràn, wọ́n á sì dì í bí àrokò tí ẹni tó gbé e kò lè túmọ̀. Ìlànà VPN tí wọ́n ń pè ní IPsec kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1995. Ní 1996, Microsoft fi ìlànà VPN mìíràn, PPTP, sínú Windows NT 4.0, ó sì tàn kálẹ̀ torí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rà kún un. Ààbò rẹ̀ kò lágbára. Bruce Schneier àti Mudge, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, tú àbùkù rẹ̀ síta ní 1998.

Wàhálà tó le jù kò ti ọwọ́ VPN fúnra rẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ ráótà ilé ló ti wá. Àdírẹ́sì IPv4 kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò sì lè kárí. NAT, tí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1994, sọ ilé di agbo ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde: àdírẹ́sì ìta kan ni gbogbo wọn ń lò, nọ́ńbà pọ́ọ̀tù ni ráótà sì fi ń mọ ẹni tó ni èsì tó bá dé. PPTP kò bá ètò yìí lọ. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń gba pọ́ọ̀tù TCP 1723, ṣùgbọ́n ìlànà ìdì tí wọ́n ń pè ní GRE ló ń gbé ẹrù gan-an, GRE kò sì ní pọ́ọ̀tù. Ráótà tí kò mọ GRE kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń rí ni pé ọ́fíìsì dáhùn, Windows ní òun ń yẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wò, ó dúró gbagidi, lẹ́yìn náà àṣìṣe 721 yọ. Ọ̀pọ̀ á máa tún ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà.

ESP, ìdì tí IPsec fi ń gbé ẹrù, ní irú àbùkù yìí: òun náà kò ní pọ́ọ̀tù. Ráótà lè jẹ́ kí ọkọ wọ ọ́fíìsì, kí ó sì dí ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ sí ọ́fíìsì kan náà lọ́nà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2005, ìwé ìlànà RFC 3947 àti 3948 fi ojútùú lélẹ̀: wọ́n gbé aṣọ UDP, tó ní pọ́ọ̀tù, wọ ESP, ó sì ń gba pọ́ọ̀tù 4500 kọjá.

Àrùn mìíràn fara sin ju èyí lọ. Ethernet ń gbé pákẹ́ẹ̀tì tó tó 1,500 báìtì. PPPoE, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì orí okùn tẹlifóònù (DSL) lò, gba 8 nínú rẹ̀, ó ku 1,492. Ìdì VPN tún gba tirẹ̀. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ, ó yẹ kí ráótà rán iṣẹ́ ICMP padà láti sọ fún ẹni tó rán an pé kó dín in kù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ààbò ń dí iṣẹ́ yìí. VPN á wọlé, ping tí wọ́n fi ń wò bóyá ọ́fíìsì ń dáhùn á ṣiṣẹ́, lẹ́tà kékeré á lọ, ṣùgbọ́n fáìlì ńlá kò ní ṣí. Fún àyẹ̀wò, ẹni tó wà lórí Windows á fi -f àti -l kún ping, á bẹ̀rẹ̀ láti 1,472, á sì máa dín in kù títí yóò fi kọjá. Báìtì 28 tó wà lórí pákẹ́ẹ̀tì ló ń sọ 1,472 di 1,500.

OpenVPN tí James Yonan gbé jáde ní 2001 yẹra fún ìjà pẹ̀lú ráótà: UDP tàbí TCP lásán ló ń lò, ó sì lè gba TCP 443 tí àwọn ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà. WireGuard, VPN tí Jason Donenfeld ṣe, wọ Linux 5.6 ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì 1,420 báìtì ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í sì í já bí fóònù bá ti orí Wi-Fi bọ́ sórí dátà.

Lóṣù yẹn kan náà, àrùn Kòrónà sọ pálọ̀ di ọ́fíìsì kárí ayé. Ní ọjọ́ 30, Èkó, Ògùn àti Abuja wọ ìsémọ́lé. Ní Nàìjíríà, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, nípasẹ̀ MiFi tàbí ráótà 4G. Àdírẹ́sì IPv4 tó kù lọ́wọ́ IANA, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kárí ayé, ti tán láti oṣù Kejì ọdún 2011, nítorí náà ilé-iṣẹ́ fóònù náà ń ṣe NAT tirẹ̀ lé ti ilé lórí. NAT tí kò bá rí ohun tó ń kọjá fún ìgbà díẹ̀ á gbàgbé ẹni tó ni ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ tó dìde lọ jẹun á padà bá VPN tó ti kú. Keepalive ni oògùn rẹ̀, ìyẹn pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń kanlẹ̀kùn léraléra; ìṣẹ́jú àáyá 25 ni WireGuard dábàá. Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ohun tí ará ilé lè ṣe: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ lẹ́bàá Abidjan.

Bí àwọn àìsàn yìí ṣe dé tẹ̀ léra ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò lónìí. Okùn ló ṣáájú: ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ láìsí VPN, kí sì ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fi wáyà dípò Wi-Fi? Ráótà tẹ̀ lé e: bí VPN bá wọlé lórí hotspot fóònù, ráótà tàbí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni àdírẹ́sì: bí ilé àti ọ́fíìsì bá jọ ń lo 192.168.1, kọ̀ǹpútà á máa wá sáfà ọ́fíìsì nínú pálọ̀, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ yí padà. Bí fáìlì ńlá nìkan ló há, wọ́n á dín ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì kù. Ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ tún tẹ̀, ló gbẹ̀yìn. Bí òun ló ṣì, ọ́fíìsì á sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ́fíìsì bá dákẹ́, ọ̀nà ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.