Ọ̀dẹ̀dẹ̀, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti Àgbà Ilé

Bí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀ nítorí ìyá òun, tàbí pé òun fẹ́ gé àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà kúrò kí òun fi ọ̀nà sìmẹ́ǹtì tó rọra ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ́pò rẹ̀, ẹnìkan nínú ẹbí á ní àṣà Òyìnbó nìyẹn, pé ọmọ ló ń tọ́jú òbí nílẹ̀ Yorùbá, irin kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ilé kíkọ́ nílẹ̀ wa kò gbè é lẹ́sẹ̀. Ilé tí àwọn baba ńlá wa ń gbé gba àgbà láyè láti ìpìlẹ̀, wọ́n sì ń tún un mọ bí ara àwọn ará ilé ṣe ń yí padà. Ilé olókè tí arúgbó ń ṣubú nínú rẹ̀ lónìí kò tíì pé igba ọdún láàárín wa. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó ń tún ilé ṣe fún àgbà kò kọ àṣà sílẹ̀ rárá. Ọ̀nà àtijọ́ ló ń tọ̀.

Inú agboolé ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé amọ̀ ni a fi ń mọ ilé nílẹ̀ wa, pé ògiri rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8 lọ ní gíga, àti pé kò ní òkè. Yàrá ló yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ sì wà níwájú àwọn yàrá náà, òrùlé bò ó, òpó gbé e ró. Bí a bá fi ojú ẹni tí orúnkún ń dùn wo irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun púpọ̀ á hàn síni. Láti orí ẹní dé àárín àgbàlá, kò sí àtẹ̀gùn tí àgbà máa gùn. Pèpéle amọ̀ tí wọ́n mọ mọ́ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ga tó àga; ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ lè fi ọwọ́ méjèèjì ti etí rẹ̀, kí ó sì dìde fúnra rẹ̀, èyí tó ṣòro fún arúgbó tó jókòó sórí ẹní. Àwọn òpó tó tò lọ kò jìnnà síra, nítorí náà ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́ lè ti ara òpó kan dé ara èkejì láti ẹnu yàrá rẹ̀ títí dé ìloro. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kan pé nítorí àgbà ni wọ́n ṣe ri òpó mọ́lẹ̀. Òrùlé ni wọ́n rì í fún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí irin ìdìmú ń ṣe lónìí, òpó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ìran.

Ilẹ̀ ilé náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí ọjọ́ orí wọn lọ sẹ́yìn tó ẹgbẹ̀rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró, etí rẹ̀ lókè, ọ̀kan fún mọ́ ọ̀kan, wọ́n sì ri ìkòkò mọ́ àárín ibòmíràn. Àwọn ará Ifẹ̀ máa ń so iṣẹ́ yìí mọ́ orúkọ Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Bí ìtàn Lúwòó bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ilẹ̀ náà kò ṣeé jà: ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun díẹ̀, ẹsẹ̀ ń dì í mú, omi kì í dúró lórí rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé àgbàlá tó ń yọ̀ léwu ti wà nílẹ̀ wa kí ẹnikẹ́ni tó gbé táìsì dé.

Ohun tó tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù lọ ni amọ̀ fúnra rẹ̀. Ilé amọ̀ kì í parí. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á rẹ́ ògiri tí òjò ti jẹ, wọ́n á pa ilẹ̀, wọ́n á tún òrùlé ṣe pẹ̀lú koríko bẹẹrẹ ní apá ọ̀dàn tàbí ewé gbòdògì ní apá igbó. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹnu ọ̀nà tuntun láàárín yàrá méjì kí ìyá àgbà lè wà nítòsí ẹni tí á máa bu omi fún un lóru, ọkọ́ ni wọ́n nílò, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ sì ni. Bí ìdílé bá ń pọ̀, yàrá á yọ sí i. Bí àwọn kan bá kó lọ sí oko, ògiri á wó, wọn á sì fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Ilé ló ń tẹ̀lé èèyàn, èèyàn kì í há mọ́ ohun tí ilé fẹ́. Ìyẹn gan-an ni a pàdánù.

Wọ́n lè sọ fún mi pé mo ń fi oyin sí ẹnu ohun tó korò. Òtítọ́ ni pé agboolé ní wàhálà tirẹ̀. Yàrá ṣókùnkùn nítorí pé kò ní fèrèsé, èéfín igi ìdáná ń ta àgbà lójú, ẹnu ọ̀nà rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé, iná sì lè bẹ́ sí òrùlé koríko kan kí ó jó gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yìn odi tàbí ààtàn ni wọ́n ń lọ yàgbẹ́, ibi tó jìnnà sí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. N kò sọ pé ká padà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àbùkù tí ó jẹ́: òkùnkùn, èéfín, ìdọ̀tí, iná. Páànù, fèrèsé, omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá tó ń lo omi lè wo gbogbo wọn sàn láìjẹ́ pé a gbé yàrá àgbà lọ sókè. Àtúnṣe tí a nílò kéré. Ohun tí a ṣe pọ̀ ju àtúnṣe lọ. A pààrọ̀ ilé pátápátá.

Àgbádárìgì ni ìpààrọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí ni èyí tí àwọn míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà (CMS) parí síbẹ̀ ní 1845, ó ṣì dúró lẹ́bàá ọ̀sà títí dòní. Láàárín ìgbà yẹn ni àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ àti àwọn ọmọ wọn, ń padà bọ̀ láti Brazil, pàápàá lẹ́yìn rògbòdìyàn àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835. Wọ́n dé sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Wìdá (Ouidah) pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ lókè òkun: bíríkìlà, káfíńtà, àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó sára ògiri. Iṣẹ́ wọn dára gidigidi, ẹni tó bá wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 kò ní jiyàn. Ní Òpópónà Kakawa, ìdílé da Rocha ní Ilé Olómi, tí kànga rẹ̀ mú kí orúkọ náà mọ́ ọn lára. Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone bọ̀ àti àwọn oníṣòwò ń wo irú ilé wọ̀nyí, wọ́n ń kọ́ tiwọn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, páànù àti sìmẹ́ǹtì rí ọ̀nà gba dé ìlú òkè, nígbà tí kòkó sì ń mówó wọlé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì di àmì pé ẹnìkan ti rí ṣe ní Ìbàdàn, Iléṣà, Òndó àti Ìjẹ̀bú.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ọ̀nà tóóró kan ló la àárín ilé kọjá, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù àti àwọn ayálégbé, òkè ni onílé àti pálọ̀ rẹ̀ tó dojú kọ òpópónà. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi balùwẹ̀, ilé ìdáná àti ṣáláńgá sí. Nítorí náà, ẹni tó dàgbà jù nínú ilé ló jìnnà jù sí ibi tó nílò jù lóru. Àtẹ̀gùn náà sábà máa ń ga gan-an, ó há, níbi tó bá ti ṣẹ́rí kọ́rọ́ ni ìpele rẹ̀ ti ń tín-ín-rín sí apá kan, ojú rẹ̀ sì ti jẹ níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ti ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ dídán dé, tí wọ́n ń fi epo pa títí tí yóò fi máa kọ mọ̀nà, tí ẹsẹ̀ tútù á sì yọ̀ lórí rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í ṣe amọ̀: ẹni tó bá fẹ́ la ẹnu ọ̀nà sí ara rẹ̀ á pe bíríkìlà, á bi í léèrè bí òkè ò ní wó. Ilé parí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ara ẹni tó kọ́ ọ sì ń yí padà lọ.

Wọ́n á ní àwọn àgbà fúnra wọn ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sẹ́ni tó fi túláàsì mú wọn gun òkè. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ilé ní ọmọ ogójì ọdún tàbí àádọ́ta ń kọ́ ọ fún ara tó ní lọ́jọ́ náà, àti fún ojú ayé tó ń wò ó. Agboolé gba èèyàn lọ́wọ́ irú àṣìṣe yìí, nítorí pé kò sí ẹni tó dá a kọ́ fún ara rẹ̀ nìkan. Arúgbó, ọmọ ọwọ́ àti aboyún ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ yàrá tó kàn. Nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èèyàn kan ló pinnu, owó ilé tí ayálégbé ń san sì mú kó ṣòro láti gba yàrá ìsàlẹ̀ padà. Mo ka ìyẹn sí ọ̀kan nínú ìdí tó lágbára jù tí àgbà fi há sókè: yàrá tí ì bá yẹ ẹ́ ló ń mówó wọlé.

Àtakò tó le jù lọ ni pé èèyàn ló ń dá àgbà sí, ilé kọ́. Ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó ló kọ́ mi bí a ṣe lè dá a lóhùn. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tó bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1924, ìjọba dá àjọ ìdàgbàsókè Èkó, tí wọ́n ń pè ní LEDB, sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, ní 1955 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣe ìwádìí láàárín àwọn tó kó lọ àti àwọn tó ṣì wà nílé ẹbí, ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ilé Sùúrùlérè tí wọ́n kó wọn sí jẹ́ ilé kéékèèké, ó mọ́ ju èyí tí wọ́n wó lọ. Síbẹ̀ ìwádìí náà fi hàn pé nǹkan kan ti já. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹbí ń rí ara wọn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n kó lọ, ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìbẹ̀wò dín kù, ọjà àwọn ìyá oníṣòwò dà rú, ìrànlọ́wọ́ tí àgbà ń rí lọ́wọ́ ẹbí sì rọ. Nítorí náà, mo gbà pé ilé tó dára kò tó bí kò bá sí èèyàn. Ṣùgbọ́n kí ló tú àwọn èèyàn náà ká? Ibi tí wọ́n kọ́ ilé sí àti bí wọ́n ṣe tò ó ni. Ẹni tó bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé kò ní láti ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni, nítorí pé iwájú rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Ẹni tó wà ní yàrá òkè, ìgbà tí ẹnìkan bá pinnu láti gun àtẹ̀gùn ni yóò tó rí èèyàn. Ilé ló ń kó ìtọ́jú wá sọ́dọ̀ àgbà, ilé náà ló sì lè lé e lọ. Fúláàtì tí ìjọba Gómìnà Lateef Jakande kọ́ l'Ékòó láàárín 1979 sí 1983 gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ onílé, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn nìkan ni ọ̀nà òkè wọn, àwọn ọmọ ìgbà náà sì ti di bàbá àti ìyá àgbà báyìí.

Òfin kò ní bá wa ṣe àtúnṣe ilé wa. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ṣíṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo aráàlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn á máa gbà. Ìgbà náà ti pé, ilé tí à ń gbé kò sì sí nínú òfin náà. Ọwọ́ ẹbí ni àtúnṣe náà wà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà láyé agboolé. Ẹ̀yin tí ẹ ń yàwòrán ilé lọ́dún yìí, ẹ fi yàrá kan àti balùwẹ̀ kan sí ìsàlẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà wọn fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kí ojú ilẹ̀ wọn má dán. Ẹ fi irin sí apá méjèèjì àtẹ̀gùn, ẹ sì fi iná tó ní bátìrì síbẹ̀ nítorí alẹ́ tí kò bá sí iná mànàmáná. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí òbí yín wà lókè rẹ̀, bí yàrá ìsàlẹ̀ kan bá ṣófo lọ́dún yìí, ẹ má tún fi háyà. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì bàbá tàbí ìyá yín síbẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí èèyàn ń gbà kọjá.