Oyè Amẹ́ríkà ní Yábàá

Ọdún 1937 kò ṣe é gbójú fò fún ẹni tí ó bá ń wádìí ohun tí ìwé kíkà ní Amẹ́ríkà ti ṣe fún wa àti ohun tí kò tíì ṣe. Ní ọdún náà ni William Bascom, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Northwestern, wọ Ilé-Ifẹ̀, tí ó ń bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀ awo, òrìṣà àti ìdílé, nítorí oyè ọ̀mọ̀wé tí ó ń lépa. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ oyè náà ní 1939. Ní ọdún 1937 yìí kan náà ni Nnamdi Azikiwe, ọmọ Ìgbò tí ó ti lo díẹ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkó, ti Accra padà dé, tí ó sì gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí Commercial Avenue ní Yábàá. Ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ni West African Pilot kọ́kọ́ jáde.

Oyè Amẹ́ríkà kò wọ́n lọ́wọ́ Azikiwe. Láti 1925 ni ó ti kọjá sọ́hùn-ún. Ó kàwé ní Storer àti Howard, ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Lincoln ní 1930, ó sì gba oyè kejì níbẹ̀ àti ní Yunifásítì Pennsylvania. Síbẹ̀, ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1934 lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, Liberia ni ó dá lé. N. A. Fadipe, ọmọ Ẹ̀gbá, ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú: ó lọ sí Columbia ní New York, Abẹ́òkúta ni ó sì kọ àpilẹ̀kọ oyè kejì rẹ̀ lé. (Ó ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lórí Yorùbá ní London ní 1939, ó kú ní 1944, iṣẹ́ ńlá náà kò sì di ìwé títí di 1970. Ìyẹn tó ìtàn lọ́tọ̀.) K. O. Mbadiwe tọ ipasẹ̀ Azikiwe lọ sí Lincoln. Ìwé tí òun náà tẹ̀ ní New York ní 1942, ọ̀rọ̀ Áfíríkà ni.

N kò bá wọn wí. Ẹni tí wọ́n ń parọ́ mọ́ ilé rẹ̀ kò lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ Amẹ́ríkà ń wá sí ọ̀dọ̀ wa láti kọ́ nípa wa, àwa náà ń lọ sí ọ̀dọ̀ wọn láti kọ́ nípa ara wa. Ta ni yóò wá kọ́ nípa Amẹ́ríkà fún wa?

Azikiwe kọ́ ọ, àmọ́ kì í ṣe inú kíláàsì nìkan. Ó ṣe iṣẹ́ alágbára kí ó tó rí owó ilé-ìwé san. Ó rí orílẹ̀-èdè tí ó ń pariwo òmìnira, tí kò sì jẹ́ kí adúláwọ̀ bá aláwọ̀ funfun jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní apá gúúsù. Ó tún rí bí àwọn adúláwọ̀ náà ṣe ń fi ìwé ìròyìn tiwọn jà, irú bí Afro-American ti Baltimore. Èyí ni ó gbé wá sí Yábàá: àkọlé gàdàgbà-gadagba, àwòrán, ọ̀rọ̀ tí kò bẹ̀rù aláṣẹ, gbogbo rẹ̀ ní kọ́bọ̀ kan, tí akọ̀wé àti tíṣà lè rà. Mo gbà pé ariwo rẹ̀ pọ̀ jù nígbà mìíràn, pàápàá ní 1941, nígbà tí Ernest Ikoli àti Samuel Akinsanya jọ ń du ipò kan, tí ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà ẹ̀yà.

Ní Yábàá yìí náà ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1932, tí ìjọba sì ṣí ní gbangba ní 1934. Kì í fúnni ní oyè yunifásítì. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò níyì kọjá Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, igbákejì dókítà ni yóò jẹ́. Ìbínú lórí rẹ̀ wà lára ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó ní 1934. Àwọn òyìnbó ìjọba yìí kan náà kò ka oyè Amẹ́ríkà sí. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ọmọ tí ó ti rí bí a ṣe ń bá aláṣẹ fa ọ̀rọ̀ lójúde, iṣẹ́ akọ̀wé kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Yunifásítì Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1962 wà ní Akoka, kò jìnnà sí Commercial Avenue. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n wá kọ́ Yorùbá nítorí oyè. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi wá. Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó rí ààyè oyè kejì lọ́hùn-ún, ní ẹ̀ka àṣà àti ìṣèlú Amẹ́ríkà gan-an, wá dágbére fún mi. Inú mi dùn púpọ̀. Mo bi í pé kí ni yóò kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lé. Ó ní olùkọ́ tí yóò máa tọ́ òun sọ́nà ti gba òun nímọ̀ràn: ìgbéyàwó ní Mushin.